Òkúta Tí Làmídì Sá Sóòrùn

Ojú mi báyìí ni òkúta ṣe ka ìròyìn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún Dàmọ́lá ọmọ-ọmọ mi lánàá nìyẹn, ni fóònù rẹ̀ bá dún, tín-ín. Ó ní, "Mò ń gbọ́ yín, bàbá." Irọ́ ni. Ó tẹrí mọ́ fóònù bí adìẹ tó rí àgbàdo. Láti Èkó ló ti wá kí mi, ọjọ́ kejì ni yóò sì padà, n kò tíì rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ yín sú mi.

Mo ṣáà ń sọ ọ́ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1968, rédíò kan ṣoṣo ló wà ní agboolé wa, ti Bàbá Télọ̀. Òkúta là ń pe bátìrì nígbà náà. Tó bá ti ń kú lọ, a ó sá a sóòrùn kó lè tún lágbára díẹ̀. Làmídì ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ilé tó ti wá kò sì ní rédíò. Bàbá Télọ̀ ní kó bá òun sá òkúta sóòrùn. Ọmọ gbọ́ràn. Ó ṣa òkúta nílẹ̀, ó fọ̀ wọ́n mọ́, ó tò wọ́n sórí páànù.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wa jókòó de ìròyìn. Bàbá Télọ̀ ṣí ẹ̀yìn rédíò, ó nawọ́. Làmídì kó òkúta gbígbóná lé e lọ́wọ́.

"Làmídì, kí lèyí?"

"Òkúta ni, bàbá. Ó ti gbóná dáadáa."

Ìyá Sàmú, aládùúrà tó ń ta epo, ní, "Ẹ fi sínú rẹ̀ ná. Bóyá ti Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń sọ̀rọ̀."

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Bí oníkálukú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Bàbá Télọ̀ tí kì í sọ ju ìwọ̀n aṣọ lọ jẹ́wọ́ pé òun ti rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rí. Ẹnikẹ́ni kò rántí ìròyìn mọ́.

Làmídì ń ta fóònù ní Sábó báyìí. Mo pè é kí a jọ rántí ọjọ́ náà, ó ní ọwọ́ òun dí, kí n fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù.

Ibẹ̀ ni Dàmọ́lá gbójú sókè. "Bàbá, wọ́n wá ki òkúta yẹn bọ rédíò? Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó ka ìròyìn tán pátápátá."

Ó dojú fóònù dé sórí àga. Fóònù tún dún, kò gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo lè sọ fún yín: òkúta kò ka nǹkan kan, èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Àwa la sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.