Afòmọ́ Tí Àdá Mi Kò Lè Gé

Orí igi obì ni mo wà lọ́jọ́ tí Dúpẹ́ ọmọ mi ṣubú lóko. Oúnjẹ ló gbé wá fún mi. Mo gbọ́ igbe, mo wolẹ̀, mo rí i tó ká jọ bí ìgbín, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ ikùn mú. N kò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀rù tó bà mí ti tó. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n láti Kàbà dé Mópà, bí ẹ bá bèèrè ẹni tó mọ afòmọ́ gé, èmi ni wọn yóò júwe fún yín. Ejò ti já lù mí lọ́rùn lórí igi rí, mo jù ú sílẹ̀, mo ń báṣẹ́ lọ.

Afòmọ́ ni igi tó ń hù lórí igi ẹlòmíràn. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, tí yóò nu kóró rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, tí kóró náà yóò lẹ̀ bí àtè. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ láé. Yóò gba inú èèpo wọ igi lára, yóò máa fa omi tí igi ìbá fi so èso. Ọ̀gá mi, ará Odò-Àpé, ló kọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ́ ewé rẹ̀ dànù tí mo ń yangàn, ó ní, “Ṣé irun lo gé fún un ni? Padà gòkè. Gé ẹ̀ka náà nísàlẹ̀ ibi tó ti wọlé.” Òfin tí mo fi ń jẹun nìyẹn.

Ìrora Dúpẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣe nǹkan oṣù ni, gbogbo wa sì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin. Ó relé ọkọ, ọmọ kò dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá bá mi nílé.

“Bàbá Dúpẹ́, ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó fi inú rẹ̀ ṣe kó tó wọlé wa.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ mu omi ná, kí n tó lé yín.”

Lẹ́yìn ìṣubú yẹn, a gbé e lọ sí ọsibítù ní Lọ́kọ́ja. Obìnrin ni dókítà náà, ó sì fara balẹ̀.

“Bàbá, awọ kan wà nínú ilé ọmọ tó máa ń nípọn lóṣooṣù. Bí oyún kò bá dé, a wó, a di nǹkan oṣù. Ohun tó jọ awọ yẹn ti hù síta lára Dúpẹ́, lára ilé ẹyin àti lára ìfun. Bí oṣù bá dé, òun náà a ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kò rọ́nà jáde. Ibẹ̀ a wú, a sì máa lẹ nǹkan inú pọ̀.”

“Nígbà tí kò sí nílé rẹ̀, ta ló ń bọ́ ọ?”

“Ara Dúpẹ́ náà ni. Ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù wá bá a, tín-ín-rín bí irun. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà níbẹ̀ ló fi ń gbilẹ̀.”

“Ta ló gbìn ín?”

“A kò tíì mọ̀ tán. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ oṣù tó ṣàn padà gba ọ̀nà ẹyin, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò ṣe ní nǹkan. Kì í ṣe oyún ṣíṣẹ́. Kì í ṣe ìwà.”

Afòmọ́ ni! Ẹnu mi yá jù mí lọ. “Dókítà, mo mọ̀ ọ́n! Ẹ gé ẹ̀ka náà dànù!”

Dúpẹ́ di aṣọ mi mú. “Bàbá mi, ilé ọmọ mi lẹ ń sọ yẹn.”

N kò lè wo ojú rẹ̀. Dókítà ní, “Igi ní ẹ̀ka púpọ̀, Bàbá. Ilé ọmọ kan ṣoṣo ni Dúpẹ́ ní. Ihò kékeré níkùn la ó gbà wọlé, a ó yọ èyí tí a bá rí, a ó sun ìyókù. Mo fẹ́ fi ilé ọmọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè búra.”

Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo igi tó gbẹ lẹ́yìn tí mo kúrò lórí rẹ̀ ló ń tò síwájú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ilẹ̀kùn, mo ti dìde.

Dókítà jáde níkẹyìn. “Ilé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, Bàbá.” Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. “Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù, ojú kò rí i. Ó lè tún hù.”

“Nígbà wo?”

“N kò mọ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, bó bá ń ká jọ lóṣooṣù, ẹ má wí pé bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin. Ẹ tètè gbé e lọ. Mo ṣì ń gé afòmọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gé e jù mí. Ṣùgbọ́n bí oṣù Dúpẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, n kì í gun igi. Mo máa ń jókòó ti fóònù ni.

Ó pè láàárọ̀ yìí, ó kí mi bí a ti ń kíra nílẹ̀ wa. “Okun o, Bàbá.”

“Okun, ọmọ mi. Ṣé nǹkan oṣù ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo di fóònù mọ́ etí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, bóyá ìrora náà ti padà.