Wíìgì Tó Ń Gba Ìkíni

Lọ́jọ́ Sátidé, Olúbùsọ́lá a máa wọ aṣọ ayé àtijọ́, a lẹ pọ́dà mọ́jú, a sì máa mú àlejò yí ilé ọlọ́lá kan ká ní Dagenham nílẹ̀ Òyìnbó, kó máa sọ òfófó àwọn ọlọ́rọ̀ ayé àwọn ọba Jọ́ọ̀jì fún wọn. Ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é. Òfófó ẹni tó ti kú láti ohun tó lé ní igba ọdún, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀?

Tirẹ̀ ni kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ Aládùúrà tó ń lọ pé Adéyanjú, ọkọ òun, wà ní Nàìjíríà, ó ń kan òrùlé ilé. Nàìjíríà ọ̀hún ò jìnnà: Marks Gate ni, bọ́ọ̀sì ń débẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kaosarah ló sì ń gbọ́únjẹ fún un níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà, páànù ti wọ́n." Ó dá a lójú pé ọjọ́ tí ìjọ bá mọ̀, òun ò ní lè wọ sùtánà láàrin wọn mọ́.

Àfi bí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ṣe wá wo ilé ọlọ́lá náà ní Sátidé kan. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé ìtàn tó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín jù lọ jáde.

"Ẹ̀yin ìyá mi, baálé ilé yìí sá tẹ̀lé ọmọbìnrin tó ń ṣe wíìgì. Ìyàwó ń sọ fáráyé pé ọkọ lọ fomi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ló bá gbé wíìgì ọkọ, irú èyí tí ọkùnrin ń dé nígbà náà, kọ́ orí igi lójú fèrèsé yìí, káráyé lè rò pé ọ̀gá ti dé. Wọ́n á máa kọjá, wọ́n á ṣí fìlà: 'Ẹ káàárọ̀, sà!' Wíìgì ni wọ́n ń kí o!"

Ó dúró de ẹ̀rín. Kò rí i. Màmá Jésùfẹ́mi, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń da wòlíì láàmú lórí pẹpẹ, ń wolẹ̀. Ẹlòmíràn ń tún gèlè tí kò tú wé.

Ìgbà náà ló yé e. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ń bi í pé "Òrùlé ńkọ́?", fìlà ni wọ́n ń ṣí fún wíìgì tirẹ̀ náà.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi," ni Màmá Jésùfẹ́mi wí. "O ò tíì fẹ́ sọ ọ́, àwa náà ò fẹ́ dójú tì ọ́. Jókòó."

"Wọn kì í jókòó sórí àga ilé yìí, mà."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ àga?"

Màmá fìdí lélẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Olúbùsọ́lá náà jókòó. Irin róbótó tó ń mú kí aṣọ ayé àtijọ́ rẹ̀ fẹ̀ gbé aṣọ sókè, ó bò ó dé àgbọ̀n. Síbẹ̀, ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá a fọwọ́ tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀, kó lè ráyè sunkún.