Ooru Yàrá Màmá

Òórùn eruku tó ń jóná, tí híítà bá kọ́kọ́ tan nígbà òtútù, máa ń mú mi rántí ọ̀sán kan nílé wa ní Clinton, lókè òkun. Dádì ń fi páìpù onípáànù fa ooru híítà lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, torí Màmá, ìyá wọn, ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Mọ́mì tó ń bá wọn mú tọ́ọ̀ṣì ń sunkún.

“Eruku ni,” ni Mọ́mì sọ fún mi.

Ó rú mi lójú. Ṣebí fílítà tuntun tó ń sẹ́ eruku ni Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí híítà?

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Mọ́mì ti gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé Màmá ti kú. Àwọn àgbà ìjọ ló máa wá túfọ̀ fún Dádì.

Dádì gbọ́wọ́ sójú ihò ooru, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Òtútù ò ní mú Màmá níbí.”

“Àmín,” ni Mọ́mì wí.