Ìbéèrè Mẹ́rin Tí Mi Ò Bi Sakaria

Ẹ má bá mi dárúkọ kádàrá. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é, bírò ló sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni Sakaria. Kò ga, kò sanra, àmọ́ bó bá ń kọjá lọ ní Leone, abúlé wa ní erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, ẹ óò mọ̀ pé ológun ni, torí kì í wọ́sẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi wa ọkọ̀ ńlá fáwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ní Ìráàkì, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dáná sun pàǹtírí ló ń sùn, èéfín ibẹ̀ ló ń fà símú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà wálé wá gbin kókò, ó ń bá wọn kọ ohùn ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá fi oje àgbọn se ewé kókò fún un lọ́jọ́ Àìkú, á tọ́ ọ wò, á ní, "Litara, ṣé gbogbo òkun lo dà sí i ni?" Á sì jẹ ẹ́ tán.

Èmi ni mo ń bi àwọn aláìsàn ní ìbéèrè, tí mo ń kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, nílé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Honolulu ni dókítà wa wà, ojú ẹ̀rọ la ti ń rí i, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo bá kọ sí fọ́ọ̀mù ló máa ń kà. Bí mo bá kọ "kò sí", kò sí náà nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin àti arábìnrin rẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìdodo lójú ara wọn. Látìgbà tí ohùn Sakaria ti ki, èmi àti ẹ̀ ò sùn nínú yàrá kan náà mọ́. Bí ẹnì kan bá sọ ìsọkúsọ níbi tí mo wà, Sakaria ló máa kọ́kọ́ dìde kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn táwa òṣìṣẹ́ fi ní òfin tiwa: bí èèyàn rẹ bá wọlé, pe ẹlòmíì. Etuale, nọ́ọ̀sì ọkùnrin, lèmi máa ń pè.

Ní ìparí oṣù kẹta, Sakaria wọlé, Etuale ò sì sí níbẹ̀. Mo lè ní kó dúró. Àmọ́ èèyàn mẹ́sàn-án ti jókòó sílẹ̀, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé ọwọ́ mi yá. Ìgbéraga ni, kò lórúkọ mìíràn.

"Ẹ jókòó, bọ̀ọ̀dá. Kò ní pẹ́."

"Etuale ńkọ́?"

"Ó lọ jẹun. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n, bó bá ti bá oúnjẹ pàdé, ó di ọ̀la."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé fìlà lé orúnkún. Mo bi í nípa oorun, nípa ikọ́, nípa eékún. Ó dáhùn. Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè mẹ́rin tó jẹ́ ti ìtọ̀, ojú tì mí. Mo sàmì sí "kò sí" lẹ́ẹ̀mẹrin, wéréwéré, mi ò gbójú sókè.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí."

Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Sina ìyàwó rẹ̀ wá bá mi níbi iṣẹ́.

"Litara, ẹ̀jẹ̀ tí Sakaria ń tọ̀ látoṣù kejì ò tíì dá. Kí ni dókítà yín sọ sí i?"

"Ẹ̀jẹ̀ wo?"

"Èyí tó wá sọ fún yín. Ó ní ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo lọ fa fọ́ọ̀mù oṣù kẹta yọ nínú fáìlì. Wọ́n gbé Sakaria lọ sí Honolulu. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni, ó sì ti wọ egungun. Dókítà ní ká ní àwọn tètè mọ̀ ní oṣù kẹta ni, ó ṣeé ṣe kó yè é. Wọ́n dá a padà wálé láti wá kú.

"Aǹtí, ẹ má pa ara yín," Etuale ní. "Èmi ni mo lọ jẹun."

"Oúnjẹ kọ́ ló di bírò mú," mo dá a lóhùn.

Mo gbé ẹní àtàtà ìdílé wa, mo fi borí, mo sì jókòó sílẹ̀ níwájú ilé Sakaria, bí apààyàn ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa bó bá fẹ́ tọrọ àforíjì; bí wọ́n bá ká ẹní náà kúrò lórí ẹ̀, wọ́n ti dárí jì í nìyẹn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé.

"Sina, lọ ká ẹní yẹn kúrò lórí ẹ̀. Oòrùn á bà á jẹ́. Ẹní ni mò ń wí o, kì í ṣe Litara."

Mo wọlé, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo rí bírò rẹ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Inú mi dùn pé o ò bèèrè."

Ì bá ṣépè fún mi, ì bá sàn.

"Ṣé fọ́ọ̀mù yẹn wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó wà lọ́wọ́ mi. Inú àpò mi ló ń gbé látọjọ́ tí Sina ti wá.

"Kẹ̀yìn sí mi, kí o bi mí."

Mo kẹ̀yìn sí i, mo dojú kọ ògiri. Sina jókòó sáàárín wa, ó ń wo òkun.

"Ṣé ẹ ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó ní, bí ẹni pé oṣù kẹta la ṣì wà.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.