Ajá Ìyá Onílé àti Búlúù Tí Mo Fi Ṣọ́ Adìẹ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nítorí adìẹ lẹ́yìnkùlé wa ní Attiégou, nílùú Lomé níbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín tán kí n tó parí o!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹyin kì í sú mi. Òun ni mo ṣe sọ fún Túndé, ọkọ mi, pé ká kúkú máa sin adìẹ tiwa. Túndé ra wáyà olójú wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní grillage níbí, ó fi yí apá kan ẹ̀yìnkùlé ká, ó tún fi bo òkè rẹ̀ nítorí àwòdì. Ọgbà adìẹ náà rẹwà débi pé ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Íbàdàn. A wo òkè, a wo ẹ̀gbẹ́. Ta ló rántí ìsàlẹ̀?

Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé (àwa la máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù), mo ní kí n lọ kí àwọn adìẹ mi. Ìyẹ́ ni mo rí nílẹ̀. Àgbébọ̀ pupa tó ń yé jù nínú wọn kò sí mọ́! Mo yẹ wáyà wò, kò já. Mo yẹ ilẹ̀ wò, kò sí ihò. Ibì kan wà lẹ́bàá wáyà tí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú, ìlà ọwọ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ gbà mí! Ẹranko wo ló ń jí adìẹ gbé tó tún ń gbálẹ̀ kó tó lọ?

Inú bí mi. Mo pariwo pé ohun yòówù kó jẹ adìẹ mi, oògùn eku ni yóò jẹ tẹ̀lé e.

Màmá Afí, ìyá onílé wa, ló kọ́kọ́ sáré jáde. Ọmọ Ifẹ̀ láti ìhà Atakpamé ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú, àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Yorùbá tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tèmi, wọ́n sì máa ń fi Faransé lú u, àmọ́ a gbọ́ra wa yé. Wọ́n káàánú mi títí. Wọ́n ní ejò ni. Mo ní ṣé ejò ń tu ìyẹ́ adìẹ ni? Wọ́n ní bóyá àwòdì ni. Mo na ìka sí wáyà tó wà lókè. Wọ́n ní, "Mon Dieu, nǹkan ayé yìí ò ṣeé mọ̀!" Ni wọ́n bá wọlé, wọ́n gbé ablo gbígbóná, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi ooru sè níbí, àti ẹja díndín jáde kí n fi gbàgbé ọ̀fọ̀ adìẹ.

Mo jẹ ablo. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin náà ò rí i pé àánú yẹn ti pọ̀ jù?

Kò pẹ́, adìẹ mìíràn tún lọ. Ilẹ̀ tún rọ̀, wọ́n tún ti gbá a. Ọjọ́ yẹn ni mo wá wo Bíjù dáadáa. Bíjù ni ajá Màmá Afí, funfun báláú, búrẹ́dì àti sàdíìnì ni oúnjẹ rẹ̀ láràárọ̀. Ó nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ikùn rẹ̀ wú, búrẹ́dì wà níwájú rẹ̀, kò tiẹ̀ fi imú kàn án. Mo bi Màmá pé kí ló ṣe Bíjù tí kò jẹun.

Wọ́n ní, "Ó ń gbààwẹ̀ ni."

Ajá! Ajá ń gbààwẹ̀!

Túndé ní kí n dákẹ́, pé ẹni tó ni ilé ló ni ajá, ta ni yóò fẹ̀sùn kan onílé láìní ẹ̀rí? Mo ní ó dáa, n ó wá ẹ̀rí.

Ẹ ṣá mọ búlúù tí à ń pò sómi fọ aṣọ funfun? Láàárọ̀ Sátidé, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo wọ́n ọn síbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, mo da iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, mo sì wọ́n omi díẹ̀ sí i. Kò lè pa ajá lára, àmọ́ kì í tètè kúrò lára! Mo fi agbọ̀n bo àwọn adìẹ tó kù mọ́lẹ̀ láàárín ọgbà, mo gbé òkúta ńlá lé e, kí olè lè máa gbóòórùn wọn láìrí wọn jẹ.

Mo wá fi ohùn òkè dágbére. "Màmá, à ń lọ sí Ablogamé o! Ó di ìrọ̀lẹ́ o!"

Irọ́ ni. Ọ̀sán gangan la padà, pẹ̀lú ọ̀pẹ òyìnbó ńláńlá méjì tí mo rà lọ́nà.

Bíjù ló wá pàdé wa. Imú rẹ̀ búlúù! Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì búlúù dé orúnkún! Túndé fi ọwọ́ bo ẹnu. A yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Adìẹ pé lábẹ́ agbọ̀n. Kò sí ihò. Ilẹ̀ tẹ́jú, wọ́n ti gbá a. Ajá kì í kúkú di ọwọ̀ mú. Ta ló wá gbá a?

Màmá Afí jáde wá kí wa káàbọ̀, wọ́n fi ìborùn wé ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ní òtútù ń mú wọn. Òtútù! Ní Lomé! Lọ́sàn-án!

Mo kúnlẹ̀ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, mo na ọ̀pẹ òyìnbó méjèèjì sí wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ gbà, tiyín la rà." Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ọ̀pẹ òyìnbó. Wọ́n wo Bíjù. Níkẹyìn, wọ́n yọ ọwọ́ jáde.

Búlúù dé ọrùn ọwọ́!

Túndé sáré wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti lé sí Màmá lójú.

"Rónkẹ́, ìtìjú ló jẹ́ kí n dí ihò àkọ́kọ́, àmọ́ ìwọ lo wá ní wàá fún un lóògùn eku. Báyẹn ni wọ́n ṣe pa èyí tí mo ní ṣáájú rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá Afí ti kú, Bíjù nìkan ló ń jókòó tì mí. Mo ní bí o kò bá rí ihò, o ò ní mọ̀ pé òun ni."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Màmá, inú ló bí mi. Mi ò jẹ́ fún Bíjù lóògùn láé. Ẹ bá kúkú ti sọ fún mi."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Èyí ńkọ́? Ṣé ó máa kúrò kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la?"

Kò kúrò. Ìbọ̀wọ́ funfun ni wọ́n wọ̀ lọ. Wọ́n ní gbogbo àwọn ìyá ìjọ ló ń béèrè ibi tí wọ́n ti rà á!

Lẹ́yìn náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ tún ọgbà ṣe. A gbẹ́ kòtò yí i ká, ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́, a ri wáyà sínú rẹ̀, a tẹ ìsàlẹ̀ wáyà náà síta, kó lè jẹ́ pé orí wáyà ni ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ máa dúró sí. A to òkúta lé e, a da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bíjù jókòó, ó ń wò wá. Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, ó dán an wò. Ó gbẹ́ ibí, ó kan wáyà. Ó gbẹ́ ọ̀hún, ó kan wáyà. Ó wá ń wo ojú wa bí àlejò tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ abọ́ tán.

Màmá ránṣẹ́ sí Atakpamé, wọ́n bá mi wá àgbébọ̀ kan tòun tàwọn ọmọ rẹ̀ dípò àwọn tó lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbébọ̀ yìí le! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un, Bíjù ní kí òun gbóòórùn òròmọdìẹ kan. Àgbébọ̀ fò mọ́ ọn, ó fi ẹnu gún un nímú, ó lé e yí ilé ká títí ajá fi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá yọjú lójú fèrèsé: "Rónkẹ́! Wá mú adìẹ rẹ kúrò lára ajá mi o!"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí a bá ṣọ́ òkè nìkan, ìsàlẹ̀ lolè yóò gbà wọlé. Ẹ ri wáyà yín mọ́lẹ̀! Ẹ sì máa ṣọ́ ẹnu yín bí inú bá ń bí yín. Bí mi ò bá halẹ̀, ṣé àgbà obìnrin yóò ṣì máa fi ọwọ̀ bo ajá láṣìírí?

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ń walẹ̀ wọ ọgbà adìẹ tiyín, ṣé òkété ni àbí ajá aládùúgbò? Ọgbọ́n wo lẹ dá sí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bó bá jẹ́ ajá ni, ẹ rọra bú u o, torí gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ kà sí Màmá Afí létí.