Ojú Irin Tí Kò Ní Ọjà

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó fojú kan ọkọ̀ òfurufú náà rárá. Kàmíọ̀n kan gbé èmi àti ìyá mi láti Kétu kọjá ẹnu ibodè dé Mẹ́kọ, òmíràn gbé wa dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ la sì ti wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kánò. Nígbà tí a fi máa sọ̀ kalẹ̀, eruku ti wọ inú eyín mi. Orí ẹní la sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú, àwa àti àìmọye èrò Mẹ́kà mìíràn, tí a ń retí ìgbà tí yóò kàn wá. Ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà náà, ti àwọn ará Nàìjíríà náà kò tíì pẹ́, kálukú sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó sùn tó jí dáadáa. Èmi ò rí oorun sùn. Ẹ̀yìn ń dùn mí, inú sì ń bí mi sí ìyá mi, nítorí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe Mẹ́kà nìkan ló ń lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi níbi tó ti ń gbọn iyanrìn kúrò lára ẹní.

"Ọkọ mi, bí a bá wọ bàálù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí o bá mi wá. Wọ́n ní yóò gba orí ojú irin tó lọ sí òkun kọjá. Mo fẹ́ rí ibi tí bàbá rẹ fìdí kalẹ̀ sí."

"Bí ẹ bá rí i tán ńkọ́, Ìyá?"

"Mo fẹ́ mọ irú ibi tí obìnrin tó ń se ọbẹ̀ fún un ń gbé."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa obìnrin ọlọ́bẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sú mi.

Mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi nígbà tí bàbá mi gbéra lọ sí Mẹ́kà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ láyé ìgbà náà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ lọ. Wọ́n á rìn, wọ́n á dúró bá onílẹ̀ roko kí wọ́n lè rí jẹ, wọ́n á tún máa rìn. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ náà nìkan ló padà wálé, ó ti rù kan egungun. Ó ní ní ilẹ̀ Sùdáànì, nídìí ojú irin tó ń gbé èrò Mẹ́kà lọ sí etí òkun, àìsàn dá bàbá mi dúró ní gáà kan. Gáà ni àwa ń pe ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ dé, ó kún fọ́fọ́, wọn ò sì fẹ́ gba aláìsàn. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ní kí ọ̀rẹ́ òun máa lọ. Ọ̀rẹ́ náà fi í sílẹ̀ níbi tó jókòó sí, tó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ó wà láàyè nígbà tí mo fi í sílẹ̀," ohun tó sọ nìyẹn. Wọ́n bi í pé báwo ni ibẹ̀ ti rí. "Ojú irin ni," ó ní. "Gáà ni." Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ìrìn àjò náà sì ti gba èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀. Òjò ọdún kejì kò bá a láyé.

Ní agbo ilé wa, bí ènìyàn bá kú sí àjò, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní láti gé díẹ̀ nínú irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá sílé, kí a lè rí nǹkan sin. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ìdílé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe, òun sì ni olórí agbo ilé. Bàbá Àgbà là ń pè é. Ó wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ náà, ó rí i pé òfìfo ni.

"Kò sí irun, kò sí èékánná," ó ní. "Àbúrò mi ò kú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi ṣọ̀fọ̀ alààyè nínú ilé yìí."

Kí ẹ tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú irin jẹ́ lójú àwa ará Kétu. Pobẹ̀ ni ojú irin tó súnmọ́ wa jù dópin sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn wa ń ru èkùrọ́ lọ. Bí ẹ bá dé gáà Pobẹ̀, ibòji igi ni, ẹja díndín ni, àkàsà gbígbóná, aṣọ tuntun, aránṣọ lọ́tùn-ún, onígbàjámọ̀ lósì. Ọkùnrin tó bá ní òun ń lọ, òun ń bọ̀ lè pẹ́ níbẹ̀ tí oṣù á fi lé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́yàwó síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún ará Kétu pé ẹ fi ènìyàn sílẹ̀ nídìí ojú irin, ohun tó gbọ́ ni pé ẹ fi í sílẹ̀ láàárín ọjà. Gbogbo ilé gbà pé ara bàbá mi ti yá, pé obìnrin kan ló fún un lóúnjẹ, pé ó ti bímọ síbẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé sọ ìyá mi ní Ìyàwó Onígáà. Ó ń jẹ́ ẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Wọn ò sọ bó ti rí bó bá jẹ́ ọkọ ló nù. Kò sẹ́ni tó lè ṣú ìyá mi lópó, nítorí kì í ṣe opó. Kò lè lọ ilé ọkọ mìíràn, nítorí ó lọ́kọ. Èyí tó wá burú jù lójú èmi ni ìkòkò omi.

Ìkòkò náà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi. Ọkọ tí kò kú, omi mímu rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé orí ilẹ̀ gíga wa rí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Omi jìn sísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, kí àkùkọ tó kọ ni àwọn obìnrin ti ń lọ tò sí ẹnu kànga, oòrùn á sì ti mú kí wọ́n tó gbé ẹyọ ìkòkò kan délé. Nínú ẹyọ kan yìí, ti bàbá mi ni ìyá mi ń kọ́kọ́ dà. Ọ̀fun mi á gbẹ, màá jókòó ti ìkòkò tó kún, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "Ti bàbá rẹ ni," ìyá mi á wí. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, yóò da èyí tó ti pẹ́ fún ewúrẹ́, yóò sì pọn tuntun. Ewúrẹ́ ń mu ún, èmi ò mu ún. Mo kórìíra ìkòkò yẹn ju bí mo ti mọ bàbá mi lọ.

Nígbà tó wá kàn wá ní Kánò, ìbínú yẹn ni mo gbé wọ inú ọkọ̀ òfurufú. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Kàtúúmù, olú ìlú Sùdáànì, ó gba epo, ó tún gbéra. Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé mi lọ ni ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Kí nìyẹn?"

Mo wo ìsàlẹ̀. Iyanrìn, òkúta dúdú, iyanrìn. Ojú ń ta mí, n kò rí nǹkankan. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí ìlà kan tín-ín-rín, ó gún gbọọrọ bí òwú tí aránṣọ nà sórí aṣọ. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, nítorí kò sí ohun tí yóò yà fún.

Bàbá Haúsá kan ló jókòó tì wá, ẹni tó ti ta màlúù ní Abẹ́òkúta fún ọdún púpọ̀, tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó na ọrùn wo fèrèsé.

"Ojú irin tó lọ sí òkun nìyẹn," ó ní. "Kò sí méjì rẹ̀. Èmi náà gba ibẹ̀ lọ sí Mẹ́kà nígbà èwe mi."

"Ọjà rẹ̀ dà?" ìyá mi bi í.

"Ọjà wo?"

"Ọjà ìdí gáà."

Bàbá náà wò mí, bí ẹni pé kí n bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀. "Ìyá, kò sí ọjà níbẹ̀. Ta ni yóò tà, ta ni yóò rà?"

"Igi ńkọ́?"

"Kò sí."

"Wọn ò lódò?"

"Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé omi wá fún àwọn tó ń ṣọ́ gáà. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, wọ́n á máa wọn ọ́n mu. Àlejò tí àìsàn bá dá dúró síbẹ̀..." Ó rí ojú ìyá mi, ó sì fa ọrùn padà kúrò lẹ́nu fèrèsé.

Kò pẹ́ tí gáà kan fi yọ. Ilé funfun kan ṣoṣo ni, òjìji rẹ̀ kò fẹ̀ tó ẹní. Mo wá ènìyàn níbẹ̀, n kò rí. Ìyá mi fi iwájú orí lé gíláàsì títí ilé náà fi wọ abẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀. Ìlà náà ń bá a lọ, kò sí ilé mìíràn lórí rẹ̀.

"Mo ti ń bú bàbá rẹ," ó sọ fún mi nígbà tó yá. "Ìgbàkígbà tí mo bá ń da omi sínú ìkòkò yẹn ni mo máa ń bú u. Mo máa ń ní, mu tìrẹ lọ́hùn-ún, ìyàwó rẹ tó wà níbẹ̀ ti pọn ọ́n fún ọ."

Kò sunkún. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ló ń tú irun bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí á rò pé orí ń yún un ni. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn orí mọ́, mo bá a tú ìyókù. Ó ṣì rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú kò bí mi sí i mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú bàbá mi sì ṣe mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi.

A ṣe Mẹ́kà, a bọ̀. Nígbà tí a dé Kétu, ilé kún fún èrò tó wá kí Àlájà. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí Bàbá Àgbà, ìborùn yọ̀ lórí rẹ̀, baba náà sì rí irun.

"Ìyàwó, ta ló kú tí o fi tú irun?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá."

Bàbá Àgbà na ọwọ́ sí i.

"Irun rẹ̀ dà? Èékánná rẹ̀ dà?"

"N kò mú irun wá. Mo rí ibẹ̀ ni. Ìròyìn ò tó àfojúbà, Bàbá. Ẹ bi ọmọ yín."

Baba náà yíjú sí mi. Mo sọ fún un pé ojú irin náà kì í ṣe irú ti Pobẹ̀.

"Kò sí ọjà?"

"Kò sí ọjà, Bàbá. Kò sí igi, kò sí ibòji. Omi mímu pàápàá, ọkọ̀ ló ń gbé e wá."

Ó wo ìkòkò tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀.

"Èmi náà ti ń bínú sí i," ó ní. "Mo ní ó rí adùn, ó gbàgbé ilé." Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ìyàwó, a kú ará fẹ́ra kù."

Láti ọdún wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò kí ìyá mi báyìí rí. Ìgbà náà ni ẹkún tó wá jáde. Àwọn tó ń pè é ní Ìyàwó Onígáà dì í mú, wọ́n ń bá a sun ún.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó lọ sídìí ìkòkò náà, èyí tí àwọn ìyàwó ilé ti ń bá a pọn omi sí nígbà tí a kò sí nílé. Ó ṣí i, ó bu igbá kan, ó gbé e fún mi.

"Mu," ó ní.

Mo wo Bàbá Àgbà. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mu ún, omi náà tutù, ó ní òórùn amọ̀. Ìyá mi bu tirẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọkọ rẹ̀, ó sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.