Táǹkì Ìyá Délé ní Kwári

Òórùn ṣúgà tó ń kan pọ̀ mọ́ ọkà bàbà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Nísàlẹ̀ kwári, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lọ síhà odò, lẹ́yìn ìlú Sokoto, ni àwa Yorùbá mélòó kan gba yàrá sí nígbà náà. Ìyàwó mi, Ìyá Délé, ń pọn ògógóró lẹ́yìn ilé. Wẹ́dà ni mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ wá. Èmi ni mo jó àgbá rẹ̀ pọ̀, tí mo so páìpù mọ́ ọn. Páìpù náà gba inú táǹkì sìmẹ́ǹtì tó kún fún omi tútù kọjá, kí ooru ọtí lè di omi padà. Táǹkì yẹn jìn dé àyà ọkùnrin.

Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wé gèlè, á kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé páànù tí a fọwọ́ ara wa kọ́. Ohùn rẹ̀ ló máa ń ròkè jù nínú orin. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni tirẹ̀, nítorí ìjọ wa kì í ri ẹni tó ń pọntí bọmi, ẹni tí kò bá sì ṣe ìrìbọmi kì í jẹ Oúnjẹ Olúwa. Bí wọ́n bá ń gbé àwo kọjá, á tẹjú mọ́lẹ̀. Mo máa ń rí i. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé nìyẹn, kí wọ́n ka òun mọ́ wọn.

Lọ́dún kan, ọ̀dá mú. Odò tí a ti ń ṣe ìrìbọmi gbẹ dé ọrùn ẹsẹ̀, pásítọ̀ sì ti gbéra láti Kàdúná. Díákónì wa, tó ń ṣe búrẹ́dì, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń fi fìlà nu ojú.

“Ìyá Délé, ẹ kú iṣẹ́ o. Táǹkì yín la wá tọrọ.”

“Bàbá oníbúrẹ́dì, táǹkì mi ti wá mọ́, èmi nìkan ló kù tí ò mọ́?”

“Haba! Ẹ má bá mi jà. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Ó gbé àgbá kúrò lórí iná, ó da gbogbo èyí tó ti kan nù, ó fi iyanrìn àti eérú fọ táǹkì náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Síbẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti mu òórùn ọtí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọrin wọ àgbàlá wa. Jósíà ló kọ́kọ́ wọ inú omi, fọganáísà tí kò sí ọ̀mùtí tó tó o ní kwári kó tó ronú pìwà dà. Bó ṣe jáde, ó lá ètè. “Kai! Ẹ bá mi wá ife o!” Pásítọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn jáde, pásítọ̀ yíjú sí ìyàwó mi, tó kó táwẹ̀lì dání lẹ́nu ilé ìdáná.

“Ìyá, ẹ ṣèlérí pé ẹ ti fi ọtí pípọn sílẹ̀ lónìí, kí ẹ máa wọlé bọ̀.”

Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ìyàwó mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo omi náà pẹ́.

“Sà, òun lọmọ mẹ́rin fi ń lọ sílé ìwé. Lọ́la, màá tún daná. Mi ò lè dúró nínú omi Ọlọ́run kí n máa purọ́.” Ó na táwẹ̀lì sí Jósíà.

Gbogbo ìgbà tí odò bá gbẹ ni wọ́n ń padà wá, òun náà á fọ táǹkì, á kó táwẹ̀lì dání. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣe tán tó sì fi ọtí sílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́ táǹkì tiwọn, onítáìlì dídán. Wọ́n ní kó wá ṣe ìrìbọmi. Alágídí, ó ní omi tí òun bá fọwọ́ òun fọ táǹkì rẹ̀ nìkan lòun ó wọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ́ ilé ńlá lé táǹkì tirẹ̀ lórí.

Nígbà tó kú ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, pásítọ̀ tuntun, ọmọdé ni, rọra bi mí léèrè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó gbé pósí wọlé, bóyá màmá ṣe ìrìbọmi. N kò tíì lanu tí Jósíà, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, fi dáhùn. “Pásítọ̀, nínú omi ta ni wọ́n ti rì wá bọmi?” Àwọn arúgbó tó kù nínú àwọn ará kwári dìde, wọ́n gbé pósí rẹ̀ kọjá bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó di iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Oúnjẹ Olúwa.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé òtítọ́ tó sọ lọ́jọ́ yẹn ló tì í síta. Àṣé òtítọ́ yẹn gan-an ni wọ́n rántí, tí wọ́n fi gbé e wọlé. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá gbé àwo dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń bu tèmi, mo sì máa ń jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fún àwa méjèèjì.